Láti ìsàlẹ̀ adágún Bodélé dé orí kókó tí a sá ní Ẹ̀fọ̀n

Ìbéèrè tí bàbá kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: "Ọmọ mi, àgbẹ̀ kókó ni mí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kókó tí mo bá sá sí àgbàlá ní àárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ eruku kan tó kúnná lẹ́búlẹ́bú á ti bò ó. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní ilé ìwé gíga sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ adágún kan tó ti gbẹ ní ilẹ̀ Chad ni eruku náà ti ń bọ̀, àti pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀ mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí? Kí ló mú un gbẹ, ṣé omi náà sì tún lè padà?"

Ẹ kú ìbéèrè, Bàbá, ẹ sì kú ọyẹ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yín jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì, èyí tó ní kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀ mọ́, ni mo fẹ́ bá a tún ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ àti ojú-ọjọ́, kò sì sí ibi tí wọ́n ń pè ní òfìfo tó máa ń dùn mí tó ibí yìí, nítorí pé bí ènìyàn bá wo ibẹ̀ dáadáa, ohun tó ti wà láàyè rí ni gbogbo ilẹ̀ tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Orúkọ ibẹ̀ ni Bodélé. Ó wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Djurab, ó sì jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n tó nǹkan bíi 1,700 kìlómítà tí a bá wọ̀n ọ́n ní tààrà láìtọ ọ̀nà mọ́tò. Òkè ńlá méjì ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tibesti wà ní ìhà àríwá, ṣóńṣó rẹ̀ sì ga ju 3,400 mítà lọ. Ennedi wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Láti ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí ni ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí inú àwo, títí yóò fi dé ibi tó jìn jù, tí gíga rẹ̀ sí ojú òkun kò ju nǹkan bíi 155 mítà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé adágún Chad tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bodélé, tí ojú omi rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 280 mítà. Ó túmọ̀ sí pé adágún tó ṣì ní omi wà lókè, aṣálẹ̀ tó gbẹ táútáú wà nísàlẹ̀, ohun tó lé ní 100 mítà ló sì fi rẹlẹ̀ jù ú. Ọ̀nà omi àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bahr el Ghazal ṣì wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kò tíì parẹ́. Nígbà tí adágún Chad bá kún ju bó ṣe yẹ lọ láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni omi ń gbà ṣàn wọ Bodélé.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Òótọ́ ni pé adágún Chad fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ní àwọn ọdún 1960, tí ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 sì mú un súnkì títí tó fi kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Ṣùgbọ́n eruku tó ń bo kókó yín kì í ṣe ti ọ̀dá yẹn. Ọ̀rọ̀ Bodélé ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti nǹkan bíi 11,000 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bíi 5,000 ọdún sẹ́yìn, òjò máa ń rọ̀ gidigidi ní ibi tí Sàhárà wà lónìí. Nígbà náà, adágún kan ṣoṣo ló bo adágún Chad òní, Bahr el Ghazal, Bodélé àti ilẹ̀ tó yí gbogbo wọn ká. Ó fẹ̀ ju 350,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, èyí tó ju àádọ́ta ìlọ́po gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó sì jìn tó 160 mítà ní àwọn ibi kan. Nígbà tó kún dé etí, ó rí ibi gbà jáde ní gúúsù: omi rẹ̀ gba Mayo Kebbi bọ́ sínú odò Bẹ́núé, Bẹ́núé gbé e dé Lọ́kọ́jà, ibẹ̀ ló ti dà pọ̀ mọ́ odò Ọya, tí wọ́n sì jọ lọ sínú òkun. Omi Bodélé tí Ọya gbé kọjá láyé ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń gbé ìyókù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa báyìí, àwọn tó mọ oríkì Ọya kò sì ní ṣàì rí i pé ọwọ́ kan náà ni.

Kí wá ni ìyókù yẹn? Inú adágún ńlá náà kún fún ohun abẹ̀mí wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní dáyátọ́mù. Ó dà bí ewéko inú omi, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Ohun ìyanu tó wà lára rẹ̀ ni pé ilé tó ń kọ́ sí ara jẹ́ irú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Bí ó bá kú, ara rẹ̀ á jẹrà, ilé gíláàsì yẹn á rì lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ń rì, tí wọ́n ń gùn lé ara wọn, títí wọ́n fi di ilẹ̀ funfun tó fúyẹ́, tí ènìyàn lè fi èékánná họ. Nígbà tí omi gbẹ tán, ilẹ̀ funfun yìí ló hàn síta. Apá tó hàn lójú ilẹ̀ ní Bodélé lónìí fẹ̀ tó nǹkan bíi 10,800 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí sì tóbi ju ìpínlẹ̀ wa lọ dáadáa.

Mo ti fi ojú ara mi rí díẹ̀ nínú rẹ̀ láìkúrò ní Adó-Èkìtì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí Òkè Ayọ̀ba mọ́ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, mo gbé àwo tánganran funfun kan sórí àjà ìta fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo da omi mímọ́ díẹ̀ sí i, mo fi ọwọ́ ro ó, mo sì mú ẹ̀kán kan lọ sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Púpọ̀ nínú ohun tí mo rí jẹ́ iyanrìn kéékèèké àti amọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wọn ni mo ti rí ohun kan tó gùn gbọọrọ bí ọ̀pá ìrèké, tó ní ihò wínníwínní ní ìlà ìlà lára, tí apá kan rẹ̀ ti ṣẹ́. Dáyátọ́mù ni. Inú omi ló gbé ayé rẹ̀, níbi tí ẹja àti erinmi ti ń lúwẹ̀ẹ́, kó tó wá sọ̀ sórí àwo mi.

Ẹ lè béèrè pé aṣálẹ̀ pọ̀ ní Sàhárà, kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni eruku ti ń jáde jù. Àwọn onímọ̀ gbà pé kò sí ibi kan náà ní gbogbo ayé tí eruku ti ń tú sókè tó Bodélé, nǹkan bíi 100 ọjọ́ láàárín ọdún kan ni ó sì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló pàdé níbẹ̀. Èkíní ni afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹ̀fọ̀n mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i tó bá gba àárín òkè méjì kọjá, tó ń gbé fìlà lórí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ìta gbangba dákẹ́ rọ́rọ́. Bí Tibesti àti Ennedi ṣe há afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn mọ́ àárín nìyẹn. Ní òru, afẹ́fẹ́ yìí máa ń sáré lókè díẹ̀ sí ilẹ̀; bí oòrùn bá yọ tí ilẹ̀ gbóná, agbára rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí eruku fi sábà máa ń gbéra ní òwúrọ̀. Bí ìyára rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 36 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Èkejì ni irú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, èyí ló sì wù mí jù láti ṣàlàyé. Ẹ rántí gbódò tí ó ti pẹ́ nínú àpò: bí wọ́n ṣe ń gbé àpò náà láti ibì kan dé ibòmíràn, gbódò á máa fi ara ra ara, nígbà tí ẹ bá sì dà á tán, ẹ ó bá ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò láìsí ẹni tó gún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ń ṣí ilẹ̀ funfun náà ní èépá èépá, àwọn èépá yìí ń fò, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń kọlu ilẹ̀, wọ́n sì ń di ìyẹ̀fun. Nítorí pé wọ́n fúyẹ́, wọ́n tún ń kó jọ di òkìtì tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, òkìtì wọ̀nyí sì wà lára èyí tó ń yára rìn jù lọ láyé. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ pàgọ́ sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Chicha láti wọn afẹ́fẹ́ àti eruku náà, iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá gbogbo ayé lójú.

Láti ibẹ̀, eruku á gba orí Kànẹ́m àti Bọ̀rnó kọjá. Ó lè dé Kánò láàárín ọjọ́ kan, kó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní bí ọjọ́ méjì. Kò dúró síbẹ̀. Àwọn tó fi sátẹ́láìtì wọn eruku Sàhárà láti ọdún 2007 sí 2013 rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 27.7 tọ́ọ̀nù ló ń sọ̀ sórí igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, tó sì ń gbé èròjà fọ́sífọ́rọ́sì tó ń bọ́ ewéko dání. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye tó jẹ́ ti Bodélé nínú rẹ̀.

Ó kan ohun ẹlẹ́mìí báyìí. Bí ènìyàn bá dúró sí àárín ilẹ̀ funfun gan-an ní oṣù kejì, nígbà tí ìjì ń jà, òótọ́ ni pé kò ní rí nǹkan tó ń mí. Kò sí koríko, kò sí igi, òjò tó ń rọ̀ ní Faya, ìlú tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kò tó 20 mìlímítà láàárín ọdún kan, èyí tí òjò ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ń fún wa ní Èkìtì nínú oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n kí ó rìn dé etí ilẹ̀ náà, níbi tí iyanrìn ti gbé gbòǹgbò koríko mélòó kan ró, kí ó sì dúró di ilẹ̀ ṣíṣú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fennec á yọ láti inú ihò rẹ̀. Kò wúwo tó kìlógíráàmù méjì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́ méjì tí a tò léra. Etí yìí ló fi ń lé ooru kúrò lára, òun náà ló fi ń gbọ́ ìrìn kòkòrò lábẹ́ iyanrìn. Irun bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí iyanrìn gbígbóná má bàa jó o. Ó lè pẹ́ gan-an kó má mu omi, nítorí omi inú ohun tó ń jẹ ti tó o. Àwọn eku tó ń fò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, alángbá, àkéekèé, yímíyímí tó ń tẹ̀ lé imí ràkúnmí, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Paramọ́lẹ̀ oníwo náà wà níbẹ̀: ó ń ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn títí yóò fi ku ojú àti ìwo méjì nìkan, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí di ìgbà tí oúnjẹ bá tọ ẹnu rẹ̀ wá.

Àwọn ẹranko ńlá rẹ̀ ló ń ká mi lára. A máa ń sọ pé ènìyàn lẹ́wà bí egbin. Ẹni tó bá rí irú egbin tó ń gbé etí Sàhárà, tó rí pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń fò lórí iyanrìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, á mọ ohun tí àwọn baba wa ń sọ. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni addax, ẹran aṣálẹ̀ kan tó jọ egbin. Pátákò rẹ̀ fẹ̀, nítorí náà kì í rì sínú iyanrìn. Ara rẹ̀ ń funfun nígbà ooru kí oòrùn má bàa mú un, ó sì ń pọ́n díẹ̀ nígbà òtútù. Omi inú koríko àti ìrì ń tó o fún ọ̀pọ̀ oṣù. Aṣálẹ̀ kò rí addax pa. Ìbọn àti mọ́tò ló pa á, nítorí pé ẹranko tí kò mọ̀ ju kó máa rìn jẹ́jẹ́ lọ kò lè sá fún ohun tó ní táyà mẹ́rin. Iye tó ṣẹ́ kù nínú aginjù gbogbo ayé kò tó 100 mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá èyí tí wọ́n sìn padà sí ilẹ̀ Chad. Oryx oníwo bí dòjé, ìbátan addax, tilẹ̀ ti run tán nínú igbó rí. Ní ọdún 2000 ni wọ́n kéde pé kò sí ẹyọ kan mọ́ nínú igbó níbikíbi. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń kó àwọn tí wọ́n sìn lókèèrè padà sí Ouadi Rimé, ní gúúsù Djurab. Wọ́n ti bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà ti bímọ, nígbà tó sì di ọdún 2023, wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lára àwọn tó ti run nínú igbó. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, inú mi dùn bí ẹni pé ará ilé mi kan ló ti ìrìn àjò dé.

Omi pàápàá kò tíì tán níbẹ̀ pátápátá. Ní Ounianga, ibì kan láàárín Tibesti àti Ennedi, àwọn adágún 18 ṣì wà láàárín iyanrìn, níbi tí òjò kò tó 2 mìlímítà lọ́dún. Omi abẹ́ ilẹ̀, tí òjò ayé àtijọ́ fi sílẹ̀, ló ń bọ́ wọn, koríko gíga bí eèsún sì léfòó lójú òmíràn nínú wọn, ó ṣíji bò ó kí oòrùn má bàa fà á mu tán. UNESCO kọ wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2012. Ní Ennedi, inú àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Archei, àwọn ọ̀nì mélòó kan ṣì ń gbé nínú omi tó ṣẹ́ kù sáàárín òkúta. Àwọn darandaran ń kó ràkúnmí wọn wá mu omi náà, ràkúnmí ń ṣu sínú rẹ̀ títí omi fi dúdú, imí yẹn ń bọ́ ewéko omi, ẹja ń jẹ ewéko, ọ̀nì ń jẹ ẹja. Ọmọ ọmọ àwọn ọ̀nì tó ti gbé Sàhárà láyé ìgbà tí òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n. Omi lọ, wọ́n kù.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń kọ́ ilé alámọ̀ sábẹ́ àjà wa ní ìbátan tó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá lo ìgbà òtútù wọn ní Nàìjíríà. Sàhárà ni wọ́n ń fò kọjá, ní àlọ àti àbọ̀.

Ní ti ènìyàn, àwọn Teda àti Daza, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Toubou, ló ni ilẹ̀ náà. Ní Koro Toro, òkìtì ìdàrọ́ àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ní ọdún 2001, inú Djurab kan náà ni wọ́n ti hú agbárí kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ọdún, lára àwọn tó pẹ́ jù lọ nínú ìran ènìyàn, pẹ̀lú egungun ẹja, ọ̀nì àti erinmi nítòsí rẹ̀. Toumaï ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún ọmọ tí wọ́n bá bí kété kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrètí ìyè. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Béjídé nítorí pé òjò bá a dé mọ ìwúwo irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú adágún náà gbẹ ni pé ọ̀nà tí ayé ń gbà tẹ̀ sí oòrùn ń yí padà díẹ̀díẹ̀, yíyí kan á sì gbà tó nǹkan bíi 20,000 ọdún. Nígbà tí oòrùn tó ń ràn láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ bá pọ̀ sí i ní ìhà àríwá ayé, ilẹ̀ Sàhárà á gbóná, á fa òjò láti òkun wọlé jìnnà. Nígbà tó bá dín kù, òjò á fà sẹ́yìn sí gúúsù. Ó ti fà sẹ́yìn báyìí. Ó ti lọ tó sì ti bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ṣáájú kí ènìyàn tó kọ ìtàn sílẹ̀, nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ohun tó yí padà lè tún yí, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni a fi ń ka irú rẹ̀. Igi tí wọ́n ń gbìn kọjá gúúsù Sàhárà láti ọdún 2007 dára fún àwọn ilẹ̀ tó ṣì ń rí òjò díẹ̀, èmi kò sì gbà pé ó lè di ẹnu Bodélé, nítorí kò sí omi tí igi yóò mu níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé eruku nìkan ló ń ti ìhà ibẹ̀ wá bá wa. Lára káún tí àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń kó wá sí ilẹ̀ wa láti ayé àwọn baba wa, tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà, inú ilẹ̀ kòtò tó wà láàárín òkìtì iyanrìn etí adágún Chad ni wọ́n ti ń wà á.

Ní ti kókó yín, ẹ máa fetí sí rédíò láti oṣù kejìlá lọ. Bí àwọn elétò ojú-ọjọ́ bá kéde pé eruku ti gbéra ní ilẹ̀ Chad, ẹ mọ̀ pé nǹkan bí ọjọ́ méjì péré ló kù. Ẹ wá ọ̀rá tó fẹ̀ sílẹ̀ láti fi bo kókó, ẹ fi igi gbé e sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí abẹ́ rẹ̀ gbà kí kókó má bàa bu, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé tó ń yí kókó fi aṣọ bo imú. Èyí tí eruku bá ti bà lé, ẹ kàn fi ajọ̀ tó ní ojú ńlá jọ̀ ọ́ nígbà tó bá gbẹ tán. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́.